Ẹni mẹ́fà, òtútù Minnesota, ìrìn Houston: mọ́tò wo ni ká rà?

ÌyáMẹ́ta_BP

Ẹ kú ilé o, ẹ̀yin èèyàn wa. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa dá sí ọ̀rọ̀ mọ́tò yìí kí a tó náwó sí i.

Brooklyn Park la ń gbé. A ò ní gáréèjì, ìta ni mọ́tò ń sùn. St. Paul ni mo ti ń ṣiṣẹ́ alẹ́ ní ilé ìwòsàn, máìlì 18 ní àlọ, máìlì 18 ní àbọ̀, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀. Mọ́tò á dúró nínú òtútù fún wákàtí 12 kí n tó jáde láàárọ̀. Ọmọ mẹ́ta la ní: ọdún 8, ọdún 5, ọdún 2. Màmá wa ń bọ̀ láti Abẹ́òkúta lóṣù kẹwàá, wọ́n á lo oṣù mẹ́fà lọ́dọ̀ wa. Ẹ̀ẹ̀mejì lọ́dún la sì ń wakọ̀ lọ Houston, ó tó máìlì 1,200 ní àlọ nìkan.

$24,000 ló wà nílẹ̀, àlòkù la ó rà. Bàbá àwọn ọmọ ní RAV4 hybrid ni, èyí tó ń lo epo àti iná bátìrì pọ̀. Èmi ń wo Subaru, nítorí òun ni mo ń rí jù ní pákì ibi iṣẹ́ wa. Èwo ni ká mú?

Àkàndé_MPLS

RAV4 hybrid, ẹ má wulẹ̀ ronú jìnnà. Gálọ́ọ̀nù kan á gbé yín tó máìlì 40, mọ́tò iná kan wà lẹ́yìn tó ń yí táyà ẹ̀yìn tí iwájú bá ń yọ̀, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá sì ní ẹ fẹ́ tà á, olùrà á ti dúró lẹ́nu ọ̀nà.

Bọ̀dáMọ́tò

Àkàndé, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ ka orí. Bàbá, ìyá, ọmọ mẹ́ta, màmá àgbà: ẹni mẹ́fà. RAV4 kò gbà ju márùn-ún lọ. Forester àti Outback ti Subaru, márùn-ún náà ni. Oṣù mẹ́fà gbáko ni ẹnì kan á máa ṣẹ́ kù sílé ní gbogbo ọjọ́ ìsinmi, tàbí kí wọ́n máa gbé mọ́tò méjì jáde. Nítorí náà, ọkọ̀ onílà mẹ́ta ni kí ìyá wa máa wò.

Lówó tí ẹ dá yìí, Sienna àti Highlander ti Toyota ni mo máa gbé síwájú yín. Sienna tó jẹ́ 2021 sókè, hybrid ni gbogbo wọn, gálọ́ọ̀nù kan á gbé e tó máìlì 35 sí 36, ṣùgbọ́n èyí tí kò tíì rìn púpọ̀ nínú wọn máa kọjá $24,000. Ti 2017 sí 2020 ni ẹ lè rí mú: ẹ́ńjìnnì V6 tó jẹ́ lítà 3.5, gíà alápá mẹ́jọ. Èyí tí táyà iwájú nìkan ń fà máa rin nǹkan bíi máìlì 22 lórí gálọ́ọ̀nù kan, èyí tí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, tí wọ́n ń pè ní AWD, máa rin 20.

Ẹ bá mi ṣírò ẹ̀. Iṣẹ́ nìkan, máìlì 36 lójúmọ́, ẹ̀ẹ̀mẹrin lọ́sẹ̀, ọ̀sẹ̀ 50, ó di 7,200. Houston lẹ́ẹ̀mejì, àlọ àti àbọ̀, 4,800. Ẹ fi ṣọ́ọ̀ṣì, ọjà àti ilé ìwé kún un, ó tó 17,000 lọ́dún. Ní máìlì 20, gálọ́ọ̀nù 850 ni. Ní máìlì 36, gálọ́ọ̀nù 472. Bí epo bá jẹ́ $3, ìyàtọ̀ náà lé ní $1,100 lọ́dún. Owó gidi ni, ṣùgbọ́n tí Sienna hybrid bá fi $9,000 wọ́n ju V6 lọ, ọdún mẹ́jọ ni ẹ ó fi máa lé owó yẹn bá.

Highlander ga nílẹ̀ tó ínṣì 8, Sienna kò ju nǹkan bí ínṣì 6 lọ. Àmọ́ ìlà kẹta Highlander há, àgbàlagbà kò lè jókòó níbẹ̀ dé Iowa kí orúnkún má dùn ún. Tí ẹ bá sì ti gbé ìlà kẹta dìde, búùtù rẹ̀ kò gbà ju báàgì mẹ́ta lọ. Ilẹ̀kùn Sienna ń fà sẹ́yìn ni, inú rẹ̀ rẹlẹ̀, màmá á kàn gbé ẹsẹ̀ wọlé láìgun àkàbà. Ìyẹn ṣe pàtàkì fún ẹni tí kò tíì tẹ yìnyín rí láyé rẹ̀.

ÌyáMẹ́ta_BP

Ẹ ṣeun, bọ̀dá. A ò tilẹ̀ ka orí wa rárá! Ẹ ò rí i, a ti rí méjì báyìí. Ọ̀kan jẹ́ Sienna 2018 AWD, máìlì 96,000, wọ́n ní $21,500. Èkejì jẹ́ Sienna 2019 tí iwájú ń fà, máìlì 81,000, $20,500. Ṣé kì í ṣe AWD ló yẹ ká mú fún Minnesota?

TáyàNiÀgbà

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn wa ti ń fi owó ṣòfò rèé, ẹ jẹ́ kí n tú u wò dáadáa.

AWD máa ń ran mọ́tò lọ́wọ́ láti kúrò lójú kan. Kì í ràn án lọ́wọ́ láti dúró. Bíréèkì wà lórí táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin gbogbo mọ́tò, AWD tàbí kì í ṣe AWD, ohun tó sì ń di ilẹ̀ mú ni rọ́bà táyà. Ẹ máa rí i pé lọ́jọ́ sínóò àkọ́kọ́, ọ̀pọ̀ mọ́tò tó wà nínú kòtò lẹ́bàá ọ̀nà márosẹ̀, jíìpù AWD ni. Ó gbéra tó bẹ́ẹ̀ tí awakọ̀ rò pé ilẹ̀ ò yọ̀, ó wá tẹ bíréèkì.

Rọ́bà táyà all-season, ìyẹn táyà lásán tí wọ́n ń lò yí ọdún ká, máa ń le bí òtútù bá ti wọ ìsàlẹ̀ 45°F. Tó bá dé odo, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ dà bíi pákó. Rọ́bà táyà wíńtà ṣì máa ń rọ̀ nínú òtútù yẹn, àwọn gígé wẹ́wẹ́ tó wà lójú eyín rẹ̀ ló sì ń gé yìnyín jẹ. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ táyà kí ẹ tó sanwó: àwòrán òkè olórí mẹ́ta tí sínóò wà láàárín rẹ̀ ni ẹ ń wá. Lẹ́tà M+S nìkan kò tó, kò sí ìdánwò sínóò kankan tí táyà náà gbọ́dọ̀ yege kí wọ́n tó kọ ọ́ sí i.

Sienna tí iwájú ń fà, pẹ̀lú táyà wíńtà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, á dúró ju Sienna AWD lórí all-season lọ. Mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo wí o. Ẹ má fi méjì síwájú nìkan: tí iwájú bá di ilẹ̀ mú tí ẹ̀yìn kò dì í mú, ẹ̀yìn á yí wá síwájú níbi kọ́nà.

Blizzak ti Bridgestone, X-Ice ti Michelin, Hakkapeliitta ti Nokian, èyíkéyìí nínú wọn dára. Ẹ rà á pẹ̀lú ríìmù irin tirẹ̀, kí wọ́n má baà máa bọ́ táyà kúrò lórí ríìmù lẹ́ẹ̀mejì lọ́dún. Gbogbo rẹ̀ á tó $800 sí $1,100. Ẹ dè é ní ìparí oṣù kẹwàá, ẹ tú u ní oṣù kẹrin. Tí ríìmù ínṣì 17 bá wọ mọ́tò náà, ẹ mú un dípò 18 tàbí 19: táyà tó tẹ́ẹ́rẹ́ máa ń gún sínóò dé ilẹ̀, èyí tó fẹ̀ máa ń léfòó lórí rẹ̀.

Ẹ̀yin tó ń ronú táyà oníṣó, òfin Minnesota kò fàyè gbà á fún àwa tó ń gbé ìpínlẹ̀ yìí. Ẹ má rà á.

ỌmọÈkìtì_Duluth

Mo fara mọ́ ọ̀rọ̀ táyà, ṣùgbọ́n mi ò gbà pé kí a ka AWD sí àṣejù. Òpópónà márosẹ̀ ni wọ́n ń kọ́kọ́ kó sínóò lórí rẹ̀. Àdúgbò àti ẹ̀yìn ilé ni wọ́n ń kó gbẹ̀yìn. Nọ́ọ̀sì iṣẹ́ alẹ́ kò lè pe ilé ìwòsàn pé sínóò ínṣì mẹ́jọ wà ní dríféè òun. Ibi tí mọ́tò ń há sí ni pé kó kúrò lójú kan, ibẹ̀ gan-an sì ni AWD ti wúlò. Tí owó bá gbé e, AWD pẹ̀lú táyà wíńtà ni.

TáyàNiÀgbà

Tí owó bá gbé e, ẹ̀gbọ́n mi, mo gbà. Tí owó kò bá gbé méjèèjì, táyà ni kí wọ́n kọ́kọ́ rà. Brooklyn Park tẹ́jú pẹrẹsẹ, kì í ṣe òkè Duluth.

Bọ̀dáMọ́tò

Nǹkan kan tún wà tí àwọn tó ń ta Sienna AWD àtijọ́ kì í sọ. Láti ilé iṣẹ́ ni wọ́n ti fi táyà run-flat sí i, irú èyí tó ṣì lè rìn díẹ̀ lẹ́yìn tó bá bẹ́, nítorí ọ̀pá tó ń lọ sẹ́yìn ló gba ààyè táyà sípíà. Run-flat wọ́n, ó ń pariwo, kì í sì pẹ́ fá. Bí ẹ bá fi táyà lásán rọ́pò rẹ̀ tí táyà wá bẹ́ ní àárín Kansas, kò sí sípíà nínú búùtù yín. Ẹ ó ní láti máa gbé ẹ̀rọ tó ń fẹ́ táyà àti àtè rẹ̀ kiri, àtè yẹn kò sì lè dí táyà tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́. Èyí tí iwájú ń fà ní sípíà kékeré tirẹ̀.

Àkàndé_MPLS

Tí táyà kan bá bẹ́ lórí AWD, ṣebí ọ̀kan náà lẹ ó kàn pààrọ̀, kí ló wá le níbẹ̀?

TáyàNiÀgbà

Rárá o, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti ń ba gíà jẹ́. Táyà tuntun ga ju èyí tó ti fá díẹ̀ lọ, nítorí náà kò yí iye ìgbà kan náà pẹ̀lú àwọn mẹ́ta yòókù. AWD á rò pé táyà kan ń yọ̀, á máa bá a wọ̀yá ìjà ní gbogbo máìlì. Subaru le jù níbi èyí: yíká táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin kò gbọ́dọ̀ fi ju ìdámẹ́rin ínṣì jura wọn lọ. Tí eyín àwọn mẹ́ta tó kù bá ti fá ju 2/32 ínṣì lọ sí ti tuntun, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni ẹ ó pààrọ̀, tàbí kí ẹ wá ṣọ́ọ̀bù tó lè fá tuntun náà wá sí ìwọ̀n àwọn yòókù.

Eyín táyà wíńtà tuntun jìn tó 10 tàbí 11 nínú 32. Tó bá ti di 5/32, kò wúlò fún sínóò mọ́, bí òfin tilẹ̀ gbà yín láyè dé 2/32. Ẹ fi kọ́ìnì kọ́tà wọ̀n ọ́n: ẹ dorí Washington kodò sáàárín eyín. Tí rọ́bà kò bá kan orí rẹ̀, ó ti wọ ìsàlẹ̀ 4/32.

ỌmọÌjẹ̀bú_HTX

Ẹ̀yin ará Minnesota, kí ló dé tí ẹ kì í ra mọ́tò ní Houston? Kò sí iyọ̀ lójú ọ̀nà wa. Abẹ́ mọ́tò ọlọ́dún mẹ́wàá níbí ṣì ń dán. Ìyá Mẹ́ta ń bọ̀ wá lọ́dún kọ̀ọ̀kan, kí wọ́n kúkú wakọ̀ rẹ̀ padà.

AbẹỌkọ̀

Òótọ́ ni o, ṣùgbọ́n Houston ní àrùn tirẹ̀. Ìjì Harvey ní oṣù kẹjọ 2017 ri mọ́tò tó pọ̀ rẹpẹtẹ, omi sì ti wọlé lẹ́yìn rẹ̀ náà. Mọ́tò tí omi bò máa ń rin dáadáa fún oṣù díẹ̀, lẹ́yìn náà wáyà á bẹ̀rẹ̀ sí í jẹra láti inú. Ẹ fa bẹ́líìtì ìjókòó jáde títí dé òpin, kí ẹ wo ìdí rẹ̀: tí àmì ẹrẹ̀ bá wà níbẹ̀, ẹ máa lọ. Ẹ ṣí kápẹ́ẹ̀tì níbi ẹsẹ̀ èrò, ẹ fọwọ́ tẹ fóòmù abẹ́ rẹ̀. Ẹ wo kòtò tí táyà sípíà ń sùn sí bóyá iyanrìn wà níbẹ̀. Tí òórùn didùn bá pọ̀ jù nínú mọ́tò, ẹ béèrè ohun tó ń bò mọ́lẹ̀. NICB, àjọ tó ń gbógun ti jìbìtì ìbánigbófò, ní ojú ewé VINCheck lórí íntánẹ́ẹ̀tì tí ẹ lè fi VIN, nọ́ńbà ìdánimọ̀ ọkọ̀, wò láìsanwó, á sọ bóyá ilé iṣẹ́ ìbánigbófò ti sọ ọ́ di àkúrun.

Tí ẹ bá sì ra ti Texas, ẹ ní kí wọ́n wọn omi rédíétọ̀ rẹ̀ kí ẹ tó sọdá Kansas City. Ìdajì omi, ìdajì kúláńtì, máa ń gbára dé -34°F. Ẹni tí kò mọ òtútù lè ti fi omi lásán kún un, yìnyín á sì bú ẹ́ńjìnnì. Omi tó ń fọ gíláàsì náà, ẹ dà á nù, kí ẹ rọ èyí tí wọ́n kọ -20°F tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ sí.

Ní ti mọ́tò Minnesota, iyọ̀ ni ọ̀tá. Àwòrán orí íntánẹ́ẹ̀tì kò lè fi abẹ́ ọkọ̀ hàn yín. Ẹ gbé e lọ bá mẹkáníìkì tí kì í ṣe ti ẹni tó ń tà á, á gbà tó $150 sí $250, kó gbé e sókè. Ibi tí mo fẹ́ kí ó tan iná sí rèé: túbù bíréèkì, pàápàá ibi tó gba òkè táńkì epo kọjá sẹ́yìn, nítorí ẹrẹ̀ oníyọ̀ máa ń dúró síbẹ̀. Ọrùn túbù tí ẹ ń da epo gbà. Irin abẹ́ ilẹ̀kùn, níbi tí jáàkì ń gbé. Irin ńlá tó so ẹsẹ̀ ẹ̀yìn mọ́ra. Kí ó fi ìdí sikirudíráfà kan irin wọ̀nyẹn gbọnranran: irin tó yè máa dún gan-an, èyí tó ti jẹrà máa dún bíi páálí. Ìpẹtà pupa lójú irin tó nípọn kì í ṣe wàhálà. Ìpẹtà tó ń bó ní ìpele bí èèpo igi, ẹ má rà á.

Ẹ ṣọ́ra fún abẹ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ kùn ní dúdú bíi ọ̀dà. Ọ̀pọ̀ ìgbà, ìpẹtà ló wà lábẹ́ rẹ̀.

Àkàndé_MPLS

Kí wọ́n kúkú kùn ún ní ọ̀dà tuntun nígbà tí wọ́n bá rà á, iyọ̀ ò ní ríbi wọlé.

AbẹỌkọ̀

Ọ̀dà rọ́bà tó le yẹn máa ń sán. Omi oníyọ̀ á gba ojú ibi tó sán wọlé, kò ní rí ọ̀nà jáde, á máa jẹ irin lábẹ́lẹ̀ níbi tí ojú ò ti lè rí i. Ohun tó dára ni òróró tí kì í gbẹ, irú èyí tí wọ́n fi ọ̀rá irun àgùntàn ṣe bíi Fluid Film. Ó ń rá wọ inú ojú ìsopọ̀ irin. Wọ́n á fọ́n ọn sí i lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, oṣù kẹsàn-án ló dára jù, kí iyọ̀ tó dé. Nǹkan bíi $200 ni.

Ẹ máa fọ abẹ́ rẹ̀ náà, lọ́jọ́ tí òtútù bá ti gòkè ju 25°F lọ. Lẹ́yìn fífọ̀, ẹ nu etí gbogbo ilẹ̀kùn gbẹ. Lórí Sienna, tí omi bá dì sójú ọ̀nà ilẹ̀kùn tó ń fà sẹ́yìn, tí ẹ sì tẹ bọ́tìnì, mọ́tò iná inú rẹ̀ á máa fa okùn irin títí tí á fi já. Bọ́tìnì kan wà tó ń pa agbára ilẹ̀kùn náà. Ẹ pa á lọ́jọ́ yìnyín, kí ẹ fi ọwọ́ ṣí i. Ẹ fi sìlíkóònù pa rọ́bà etí ilẹ̀kùn kí wíńtà tó dé.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ yìí kan ẹ̀yin tó ṣì ń wo RAV4 hybrid náà. Lórí ti 2019 sí 2021, iyọ̀ máa ń wọ ibi tí wáyà ńlá ti so mọ́ mọ́tò iná ẹ̀yìn, á jẹ ẹ́, Toyota sì fa wárántì wáyà náà gùn sí i. Ẹ wo ibẹ̀ tẹ́ ẹ bá ń ra àlòkù rẹ̀.

ÌyáMẹ́ta_BP

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ìbéèrè kan sí i. Tí mo bá jáde níbi iṣẹ́ ní aago méje àárọ̀, tí òtútù bá jẹ́ -15°F, kí ni mo lè ṣe kí mọ́tò tan? Ṣé kí n máa fi í sílẹ̀ kó gbóná fún ogún ìṣẹ́jú?

Àkàndé_MPLS

Ogún ìṣẹ́jú, ó kéré tán. Kí ọ́ìlì lè yọ́.

IléBátìrì

Ogún ti pọ̀ jù. Ọ́ìlì tí Sienna V6 ń lo jẹ́ 0W-20, odo tó ṣáájú W yẹn ló ń sọ pé ó ṣì ń ṣàn nínú òtútù. Láàárín ìṣẹ́jú méjì sí márùn-ún, ọ́ìlì ti kárí. Ẹ wà á jẹ́jẹ́ fún máìlì mẹ́ta àkọ́kọ́, ìrìn ló ń mú gíà àti táyà gbóná, dídúró lójú kan kì í mú wọn gbóná. Kí ẹ tó tan án, ẹ yí ẹ̀yìn mọ́tò ká, kí ẹ fi ṣọ́bìrì kó sínóò kúrò lẹ́nu ẹsọ́ọ̀sì. Tó bá dí, èéfín á wọ inú ọkọ̀, afẹ́fẹ́ olóró inú rẹ̀ kò lóòórùn, ó sì ń pani.

Ní 0°F, bátìrì máa ń pàdánù tó ìdajì agbára rẹ̀, àsìkò yẹn gan-an ni ọ́ìlì tó ki ń béèrè agbára púpọ̀ sí i. Bátìrì tó ti lo ọdún mẹ́ta, ẹ gbé e lọ fún ìdánwò ní oṣù kẹwàá. Ọ̀pọ̀ ilé ìtajà ohun èlò mọ́tò ń ṣe é lọ́fẹ̀ẹ́. Nọ́ńbà tí wọ́n kọ CCA sí ni ẹ ó wò, òun ni agbára rẹ̀ ní 0°F gan-an. Ẹ má rà èyí tó kéré sí ohun tí ìwé ọkọ̀ náà sọ, tí ààyè bátìrì bá sì gba 650 tàbí 700, ẹ mú un. Lẹ́nu bátìrì, tí ẹ bá rí ohun funfun bí ìyẹ̀fun, ẹ fi omi gbígbóná tí ẹ po sóódà tí wọ́n fi ń ṣe búrẹ́dì (baking soda) sí fọ̀ ọ́, kí ẹ gbá a pẹ̀lú búrọ́ọ̀ṣì onírin, kí ẹ dè é kó le.

Ẹ ra ẹ̀rọ kékeré tó ń jí bátìrì, oní-líthíọ́ọ̀mù. Ẹ má fi sínú mọ́tò lálẹ́ o: òtútù á pa òun náà. Inú báàgì iṣẹ́ yín ni kó máa wà.

Block heater, ẹ̀rọ tó ń mú ẹ́ńjìnnì gbóná tí wọ́n ń so mọ́ iná ilé, wúlò, wákàtí mẹ́ta sí mẹ́rin kí ẹ tó jáde ti tó. Ṣùgbọ́n bí pákì ilé ìwòsàn kò bá ní sọ́kẹ́ẹ̀tì, ilé nìkan ló máa wúlò fún.

Atẹ́gùn táyà náà ń dín kù nínú òtútù: bí ojú ọjọ́ bá fi ìwọ̀n 10 F wálẹ̀, PSI kan, ìwọ̀n tí wọ́n fi ń wọn atẹ́gùn táyà, á lọ. Èyí tí ẹ fẹ́ sí 33 nígbà tí ojú ọjọ́ wà ní 70°F á ti di 25 ní -10°F. Ẹ wọ̀n ọ́n láàárọ̀ kí ẹ tó wakọ̀.

ỌmọÈkìtì_Duluth

Ẹ má da omi gbígbóná sí gíláàsì o. Ó máa là ni.

Ìbejì_Woodbury

Ẹ gbà mí láyè lórí àwọn ọmọ. Ẹ má de ọmọ mọ́ ìjókòó pẹ̀lú kóòtù tó wú. Lójú, bẹ́líìtì ti fún. Tí mọ́tò bá kọlu nǹkan, òwú inú kóòtù á tẹ̀, àyè á ṣí sílẹ̀, ọmọ á sì yọ. Ẹ bọ́ kóòtù, ẹ de ọmọ, ẹ fi ìka méjì gbìyànjú láti fún bẹ́líìtì náà jọ léjìká rẹ̀. Tí ẹ bá rí i fún jọ, kò tíì le. Lẹ́yìn náà ẹ fi kóòtù tàbí aṣọ òtútù bò ó lójú. Ẹ kọ́ màmá náà, torí àwọn ìyá wa máa fẹ́ wé ọmọ bíi mọ́ínmọ́ín.

ArìnrìnI35

Ní ti Houston. Ẹ ka ìwé kékeré tó wà lára òpó ilẹ̀kùn awakọ̀, ó kọ iye páùn tí èèyàn àti ẹrù lápapọ̀ kò gbọ́dọ̀ kọjá. Ẹ fi ara gbogbo yín ṣírò, kí ẹ fi kúlà oúnjẹ àti báàgì kún un. Àpótí orí ọkọ̀ ń jẹ epo, Sienna kò sì nílò rẹ̀: kòtò ẹ̀yìn rẹ̀ gba báàgì ńlá mẹ́rin ní ìdúró, bí ẹ tilẹ̀ gbé ìlà kẹta dìde.

Sínóò Iowa kì í ṣe ìṣòro tó le jù, atẹ́gùn ni. Ó ń fẹ́ sínóò láti oko dé ojú ọ̀nà lẹ́yìn tí ọkọ̀ ti kó o tán. Ẹ wo 511, ìròyìn ojú ọ̀nà, ti ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan kí ẹ tó jáde, kí táńkì má sì wá sísàlẹ̀ ìdajì láàárín Minneapolis sí Kansas City. Tólù I-35 ní Kansas kì í gba owó lọ́wọ́ mọ́ láti 2024, bílì ló ń wá sílé tẹ́ ẹ kò bá ní ẹ̀rọ tólù tí wọ́n ń gbà.

Ohun tó ń pa àwọn ará Àríwá ni Oklahoma àti Texas, torí wọ́n rò pé àwọn ti kúrò nínú òtútù. Òjò ibẹ̀ máa ń dì bó ṣe ń balẹ̀, afárá ló sì ń kọ́kọ́ dì. Ní oṣù kejì 2021, ọkọ̀ tó lé ní 130 kọlu ara wọn lórí I-35W ní Fort Worth láàárọ̀ kùtù, èèyàn mẹ́fà kú. Kò sí AWD, kò sí táyà wíńtà tó ń di irú yìnyín yẹn mú. Ẹ wọ hòtẹ́ẹ̀lì. Ẹ má lo cruise control, ẹ̀rọ tó ń di eré ọkọ̀ mú fúnra rẹ̀, lójú ọ̀nà tó tutù: tí táyà bá yọ̀, ẹ̀rọ náà á máa fún un lépo sí i. Ẹ fi ìṣẹ́jú àáyá mẹ́jọ sí mẹ́wàá sáàárín ẹ̀yin àti ọkọ̀ iwájú.

Inú búùtù: ṣọ́bìrì, iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń tà fún ológbò láti yàgbẹ́ sí (cat litter) tàbí iyanrìn tí ẹ ó dà síwájú táyà tó há, aṣọ ìbora fún ẹni kọ̀ọ̀kan, tọ́ọ̀ṣì, omi, bàtà òtútù ti màmá.

ọ̀dọ́_ẹlẹ́ńtíríìkì

Kò sí ẹni tó sọ̀rọ̀ mọ́tò oníná? Kò ní epo, kò ní ọ́ìlì.

IléBátìrì

Fún ẹni tó ní gáréèjì àti ibi ìgbàná nílé, mọ́tò tó dára ni. Ìta ni tiwọn ń sùn, wákàtí 12 ló ń dúró nínú -15°F. Irú òtútù yẹn lè gé máìlì rẹ̀ kù ní ìdá mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí iná kan náà ló ń mú inú ọkọ̀ gbóná. Máìlì 1,200 pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta àti màmá, lójú ọ̀nà yẹn? Kò tíì yá.

ỌmọÌjẹ̀bú_HTX

Nǹkan kan péré: tí ẹ bá ní i lọ́kàn láti fi í ránṣẹ́ sílé lọ́jọ́ iwájú, Sienna V6 tí iwájú ń fà rọrùn. Ó ti di ọkọ̀ èrò láti ìpínlẹ̀ dé ìpínlẹ̀ ní Nàìjíríà, mẹkáníìkì mọ̀ ọ́n, ohun èlò rẹ̀ sì kún Ládípọ̀. Ọ̀pá àti gíà ẹ̀yìn ti AWD ni ẹ ó máa wá kiri.

Bọ̀dáMọ́tò

Ẹ jẹ́ ká fi owó wọ̀n ọ́n. Sienna 2019 yẹn, $20,500. Owó orí títà mọ́tò ní Minnesota jẹ́ 6.875 nínú ọgọ́rùn-ún, ó di $1,409. Táyà wíńtà àti ríìmù, $1,000. Àyẹ̀wò mẹkáníìkì $200, òróró abẹ́ $200. Àpapọ̀ $23,309. Ohun tó kù á fẹ́rẹ̀ẹ́ tó fún nọ́ńbà ọkọ̀ àti bátìrì. AWD ti $21,500 kò ní fi owó táyà sílẹ̀ fún yín, bẹ́ẹ̀ ni run-flat tó wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lè ti fá.

ÌyáMẹ́ta_BP

Ẹ ṣeun, ẹ ṣeun. 2019 tí iwájú ń fà la ó lọ wò ní Sátidé. Mo ti bá mẹkáníìkì kan sọ ọ́, mo ti ní kó wo túbù bíréèkì lókè táńkì. Ṣé nǹkan míì wà tí mo lè wò fúnra mi?

Bọ̀dáMọ́tò

Ẹ sọ fún ẹni tó ń tà á pé kó má tan án kí ẹ tó dé. Tí ẹ bá ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ fẹ̀yìn ọwọ́ sún mọ́ ẹ́ńjìnnì náà. Tó bá ti gbóná, ẹ ní kí wọ́n pa á, kí ẹ padà lọ́la. Ẹ́ńjìnnì tó tutù ló ń sọ òótọ́: ẹ gbọ́ bó ṣe dún ní ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá àkọ́kọ́, kí ẹnì kan dúró lẹ́yìn wo àwọ̀ èéfín. Funfun tó pòórá kíá, òtútù ni. Búlúù, ọ́ìlì ló ń jó. Lẹ́yìn náà, ẹ ṣí ilẹ̀kùn méjèèjì tó ń fà sẹ́yìn, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ gbọ́ bóyá okùn inú wọn ń han.